Orúkọ Echeverría, ṣé ìdílé kan ni?

Ẹ káalẹ́ o. Ọkọ mi ń jẹ́ Echeverría, ọmọ Spéìn ni, ó ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA wọ́n wá kọ R1b-DF27 síbẹ̀, pé àmì ìlà bàbá rẹ̀ nínú DNA nìyẹn. Ṣé inú ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wá ni?

Èsì: Rárá o àǹtí. Orúkọ àwọn ẹ̀yà Basque ni, lápá àríwá Spéìn. "Etxe" ni ilé, "berri" ni tuntun, ẹni tó bá ń gbé nílé tuntun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, abúlé wo ni wọn ò ti kọ́ ilé tuntun rí? Kódà inú ọ̀rọ̀ yìí náà ni Javier ti wá, ìlú kan ní Navarra, lápá àríwá Spéìn náà, ó yà mí lẹ́nu gan-an!

Èsì: DF27 yẹn, ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọkùnrin nìkan ló ń gbà, ó pọ̀ láàárín àwọn Basque lóòótọ́ àmọ́ ó wà káàkiri Spéìn, ó sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí orúkọ ìdílé tó dé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdílé ọkọ yín, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn ni kí ẹ wá.

Ẹ ṣeun gan-an, màá bi ìyá ọkọ mi léèrè orúkọ abúlé yẹn lálẹ́ yìí.