Irin wà nínú itan rẹ̀: ṣé ó lè fi ìmòòkùn tún ẹsẹ̀ ṣe?

Ọmọ Ìpakòdò (Ìkòròdú)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà gbá àbúrò mi ọkùnrin, eegun itan kán, wọ́n fi irin sí i. Oṣù kẹfà rèé. Ojú ọgbẹ́ ti jiná, dókítà ní kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ orúnkún ò ká tán, itan sì ti rù. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n ní sìkúbà, ìyẹn mímòòkùn pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, máa ń ṣiṣẹ́ fún irú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ọ̀sà wa níbí á ṣe é?

Físíò Ẹ̀pẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Físíò ni mí, eré ìdárayá la fi ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Omi ń ran irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dárúkọ sìlíńdà. Bí omi bá mu èèyàn dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ara ló kù lórí ẹsẹ̀. Tó bá mu ún dé ọrùn, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó mu àyà: kó rìn síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́, 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà kó di etí púùlù mú, kó máa ká orúnkún, kó fa gìgísẹ̀ sókè sí ìdí, 10 lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí iṣan bá ti ń fà ni kó dúró, kó má dé ibi tó ti ń ro ó. Ara máa ń fúyẹ́ nínú omi débi pé wọ́n á ṣe àṣejù láìmọ̀. Bí orúnkún bá wú lọ́jọ́ kejì, kó dín in kù sí ìdajì.

Amòòkùn Àgbádárìgì
Irin inú eegun tó ti jiná kì í dá wàhálà sílẹ̀ lábẹ́ omi, torí kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni kẹ́ ẹ bi dókítà léèrè: ṣé ìjàǹbá yẹn kan àyà? Afẹ́fẹ́ tí èèyàn mí sínú ní mítà 10 á di ìlọ́po méjì kó tó yọrí lókè, ìyẹn ni kò fi gbọdọ̀ sé èémí láé. Bí apá kan ẹsẹ̀ bá sì ń kú tipiri, kó sọ fún olùkọ́ ṣáájú. Irú ẹ̀ wà lára àmì àìsàn amòòkùn (èyí tó ń ṣe èèyàn bó bá yára gòkè jù láti ìsàlẹ̀ omi), wọn ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

Fíìnì (bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀) kúkúrú tó rọ̀ ni kó wọ̀. Omi á máa ti èyí tó gùn tó sì le, orúnkún ni yóò máa jìyà ẹ̀. Láti ìbàdí ni kó ti máa ta ẹsẹ̀, kó má ta á bí ọ̀pọ̀lọ́, torí ìyẹn ń lọ́ orúnkún. Sìlíńdà pẹ̀lú òjé tí wọ́n ń so mọ́ra kí èèyàn lè rì lè ju kílò 20 lọ, orí àkàbà ló ti ń ṣe èèyàn léṣe jù. Kí wọ́n gbé e kọ́ ọ lẹ́yìn nínú omi, kó sì bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó gun òkè.

Ọmọ Ìpakòdò
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀sà wá ńkọ́? Àwọn tó ń wa yanrìn kúkú ń mòòkùn níbẹ̀.

Amòòkùn Àgbádárìgì
Ẹ má fi í wé tiwọn, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti wa yanrìn máa ń jin kòtò lójijì, omi dúdú, àwọ̀n apẹja á sì lọ́ mọ́ fíìnì. Etíkun ọ̀dọ̀ wa níbí náà kọ́, omi ń fa èèyàn lọ sójú òkun. Púùlù tó mọ́, tó jìn tó mítà 2, ti tó fún un. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èémí nìkan gbéra sókè, sọ̀ kalẹ̀, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣan ìbàdí àti ti ikùn ti ń ṣiṣẹ́.

Físíò Ẹ̀pẹ́
Mo fara mọ́ ọn. Kí físíò rẹ̀ àti olùkọ́ náà bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ ibi tí orúnkún ń ká dé gan-an fún un.