Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "àbíkú inú" sínú ìwé yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò wa tó ń ṣe ìwé pélébé fáwọn tọkọtaya ní Ọmù-Àrán ní ká bá òun wá orúkọ Yorùbá fún kí oyún máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀kẹta, pàápàá èyí tó bá tinú àbùdá wá. Ẹ̀gbọ́n wa Ọ̀fà ní ká pè é ní "àbíkú inú", Alfa wa ní "ìṣẹ́yún léraléra" ni wọ́n kọ́ àwọn níléèwé. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Ílọrin níbí, àwọn tó máa ka ìwé yẹn ni mò ń rí lójoojúmọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ látàárọ̀ tí mo ti kà á.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. À-bí-kú: a bí i, ó kú. Oyún oṣù méjì tó wálẹ̀, ta ló bí i? Tẹ́ ẹ bá sì ti pe nǹkan ní àbíkú, ẹ ti sọ pé ẹnì kan ló ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bọ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá ẹ̀ pé ibo ló rìn dé lọ́sàn-án gangan. Àti pé àbíkú ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, SS, ìyẹn àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ló ń ṣe wọ́n. Bàbá AS, ìyá AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ṣùgbọ́n oyún yẹn á sábà dúró, wọ́n á bí i, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ kí àìsàn tó dé. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ti Alfa ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Ìwé dókítà àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, abortion ni wọ́n ń pe èyí tó wálẹ̀ fúnra ẹ̀ àti èyí tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ́yún, òun ló ṣẹ́ ẹ. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó ti sunkún oyún mẹ́rin kó wá rí i kà pé ìṣẹ́yún ló ń ṣe òun, kí ìyá ọkọ ẹ̀ náà sì rí i kà.

Ọ̀kan wá bá mi láìpẹ́ yìí, ó tú ìwé jẹnotáìpù méjì jáde látinú ọ̀rá dúdú, ó ti ká wọn títí ojú ibi tó ń ká ti ya. "Sístà, AA ni mí, AA lọkọ mi, Alfa wo ìwé yìí kí wọ́n tó so yìgì wa, kí ló wá dé tí ò dúró?" Ìwé yẹn ò purọ́ fún un o, ṣùgbọ́n bóyá ẹ̀jẹ̀ jẹ́ AA, AS tàbí SS ló ń wò, kì í ka kúrómósóòmù, ìyẹn àwọn nǹkan tín-ín-rín bí okùn nínú ara tó ń gbé ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá. Bí mo ṣe máa sọ ìyẹn fún un ní Yorùbá ni mò ń wá tí mo fi dákẹ́ lọ bíi ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí mo máa ń sọ báyìí ni "okùn àbùdá". Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á rò pé ìwọ́ ọmọ là ń sọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ kọ kúrómósóòmù lẹ́ẹ̀kan kó tó di okùn. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lára èèyàn, méjì méjì lọ́nà 23. Nínú oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó tó bí ìdajì tó jẹ́ pé okùn yìí ò pé tàbí ó lé, èyí tó sì ń lé jù ni èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 16. Ìyẹn máa ń ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ni, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ìyá bá ṣe ń lọ. Ẹ pè é ní "okùn tó lé", ó tán.

Èyí tó le láti sọ ni ti òbí, bíi méjì sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tọkọtaya tó ní ìṣòro yìí, tí apá okùn méjì ti pààrọ̀ àyè lára ọ̀kan nínú wọn. Òfì tí wọ́n ń hun n'Ílọrin ni mo fi ń ṣàlàyé ẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde kí wọ́n tó rán an pọ̀ di ìró. Ká ní ẹnì kan gé etí èyí tó pupa, ó rán an mọ́ dúdú, ó gbé etí dúdú náà mọ́ pupa, ìró yẹn pé géérégé, ẹ ró o lọ òde kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bu ìdajì fún ọmọ ni wàhálà dé, torí ó lè bọ́ sí i kí pupa pọ̀ jù kí dúdú má tó. Nítorí náà ẹ má kọ "àbùkù", ẹni yẹn ò ní àbùkù kankan. "Ìpààrọ̀ apá okùn" ni mo fọwọ́ sí: tó pé lára òbí, tí ò pé lára oyún. Ẹ sì kọ ọ́ gbàǹgbà pé ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ìyàwó, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa gbẹ̀jẹ̀ lára wọn, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń bímọ tí ara ẹ̀ le láìsí pé wọ́n ṣe nǹkan kan.

Orúkọ gbogbo ẹ̀ wá ńkọ́? "Àìdúró oyún léraléra" ni tèmi. Gbogbo wa là ń sọ pé oyún ò dúró, kò dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo yan léraléra dípò "tẹ̀léra" torí ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn dókítà Yúróòpù ti 2017 ní tó bá ti di méjì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò dandan kí wọ́n tẹ̀léra wọn (Bìrìtìkó ṣì di mẹ́ta mú).

Àbúrò, ẹ bá mi kà á sétí àwọn ìyá àgbà Ìgbómìnà mélòó kan lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí "àìdúró" bá ṣe wọ́n bákan létí, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ gan-an ránṣẹ́ sí wa.