Ọlọ́pàá Toronto: ṣé “ìjábọ̀” ni àbí “ìjíhìn”?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé lánàá ní ká pe “accountability” tí aráàlú Toronto ní Canada ń bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá wọn, ìyẹn pé kí wọ́n dáhùn fún ohun tí wọ́n bá ṣe, ní “ìjábọ̀”. Ẹ dákun, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tá a rán lọ ra ata, tó dé tó ní “wọn ò tíì pàtẹ”, ó ti jábọ̀ nìyẹn, ó lè máa ṣeré lọ. Ìjíhìn ní ìbéèrè nínú, ìyà sì lè tẹ̀ lé e. Mo ka “ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún aráàlú” sétí màmá kan tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn níbí. Wọ́n wò mí títí: “Ìgbà wo ni mo rán wọn níṣẹ́?”

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a máa jẹ́ ẹ fún. Ní Toronto, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ló ń gba ọ̀gá ọlọ́pàá síṣẹ́. Méyọ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ìjọba Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, sì ń yan mẹ́ta. Ọ̀gá náà ń jíhìn níwájú wọn. Ìyẹn ò ta kókó.

SIU (Special Investigations Unit), àjọ tó ń wádìí ọlọ́pàá, ló ta kókó. Ontario dá a sílẹ̀ ní 1990, kì í ṣe ara ọlọ́pàá, òun ló ń wádìí bí èèyàn bá kú tàbí tó fara pa yánnayànna lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí wọ́n ń wádìí gan-an lè panu mọ́, òfin ò fipá mú un sọ̀rọ̀. “Jẹ́ ìhìn” ló di “jíhìn”. Ìhìn wo lẹni tó panu mọ́ jẹ́? Lójú tèmi, “ìtọpinpin” ni ti SIU.

“Akódà” tí ẹnì kan dábàá fún ọlọ́pàá ìlú dùn létí, àmọ́ ọba ló ni akódà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Láti 2017, ọlọ́pàá Ontario tó bá kàn dá èèyàn dúró lójú títì láti gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, kó sì fi ìwé pélébé kan lọ̀ ọ́, tí orúkọ òun àti nọ́ńbà báàjì rẹ̀ wà lórí ẹ̀. Rìsíìtì ni wọ́n ń pè é. Rìsíìtì kẹ̀? Kí lonítọ̀hún rà? Ta ló ní orúkọ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ?