Ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa wọ ọkọ̀ kúrúùsì, kí ni ká dì, kí ni ká fi sílẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_ẹlẹ́rù:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ẹ má sì fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi, ọkọ mi àti màmá ọkọ mi (wọ́n ti pé 68) la fẹ́ wọ kúrúùsì (ọkọ̀ òkun ńlá tí wọ́n fi ń gbafẹ́) ọlọ́jọ́ méje lọ sáwọn erékùṣù Kàríbíánì, kò sẹ́ni tó wọ irú ẹ̀ rí nínú wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àpótí ńlá mẹ́rin ló ti kún nílẹ̀ pálọ̀, a ò sì tíì kan bàtà. Màmá ní àwọn ò lè fi aṣọ tó rún jáde síta, nítorí náà áyọ́ọ̀nù wọn gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Ọkọ mi ra ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n olójú mẹ́fà torí ó ní fóònù wa pọ̀. Ní tèmi, ìgbì omi ló ń já mi láyà, inú mọ́tò lásán mo máa ń bì. Yàrá tá a gbà ò ní fèrèsé, ibi tí apá wa ká nìyẹn. Ṣé ká tiẹ̀ ra láífù jákẹ́ẹ̀tì tiwa dání ni? Kí lẹ rí sí i?

Olókun_gbè_mí:
Àǹtí, ẹ kú ìmúra o. Ẹ gbàgbé àpótí ńlá ná, báàgì kékeré tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ èjìká ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì, òun gan-an ni ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí fún yín. Tẹ́ ẹ bá dé èbúté lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn aláàárù á gba àpótí lọ́wọ́ yín níta, ó di gbéré, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́ títí wọ́n á fi wá gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá yín, ìyẹn sì lè di ìrọ̀lẹ́ tàbí kílẹ̀ ti ṣú pátápátá. Èmi ò mọ̀ nígbà tèmi. Aago kan ọ̀sán la wọlé, oòrùn ń ta bí iná, tọmọdé tàgbà ti bọ́ sínú omi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, èmi ń bẹ létí omi pẹ̀lú jíǹsì tó nípọn àti bàtà oníléèsì, mo jókòó sójú kan bí ẹni tó wá gba owó orí. Ẹnì kan tiẹ̀ wá bi mí pé aago mélòó ni oúnjẹ alẹ́, ó rò pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni mí. Aago mẹ́jọ kọjá kí àpótí mi tó dé, ṣájà mi sì wà nínú ẹ̀, fóònù ti kú tipẹ́.

Nítorí náà inú báàgì kékeré yẹn ni páásípọ́ọ̀tù, ìwé ọkọ̀, gbogbo oògùn màmá (gbogbo ẹ̀ o, ẹ má pín in), ṣájà, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, sílípáàsì, àti aṣọ kan téèyàn lè wọ̀ jẹun alẹ́ tí àpótí bá pẹ́.

Áyọ́ọ̀nù ò ní wọlé. Ẹ bá mi bẹ màmá. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ wo inú gbogbo ẹrù, irú nǹkan bí áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, títí dórí àbẹ́là, wọ́n á yọ ọ́ sílẹ̀. Iná ni wọ́n ń sá fún jù lórí ọkọ̀, tó bá sọ láàárín òkun ibo lèèyàn fẹ́ sá gbà? Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé gbogbo àpótí yẹn ni wọ́n máa dá dúró lọ́dọ̀ sìkiọ́rítì, ẹ̀yin lẹ máa lọ tò síbẹ̀ kẹ́ ẹ wá tú u. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ọkọ yín ńkọ́, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń gba iná sílẹ̀ nígbà tó bá pọ̀ lójijì, wọn ò ní gbà á, torí bí wọ́n ṣe fa wáyà iná ọkọ̀ ò rí bíi tilé, nǹkan yẹn lè gbiná níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ò fẹ́ olójú púpọ̀ èyíkéyìí rárá. Ẹ ra ṣájà kan tó ní ojú USB mẹ́ta mẹ́rin, ó parí. Kẹ́ ẹ sì ka ìwé ohun tí wọn ò fẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tiyín á ti fi ránṣẹ́.

Aṣọ_mẹ́ta_tó:
Àpótí mẹ́rin fọ́jọ́ méje 😂😂 àǹtí mi ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni? Ẹ máà bínú, ẹ̀rín ló pa mí.

Ẹ gbọ́, yàrá tí ò ní fèrèsé yẹn, nǹkan bíi mítà mẹ́ta níbùú àti mítà márùn-ún lóròó ni púpọ̀ nínú wọn, ilé ìwẹ̀ wà nínú ẹ̀ o. Ẹ̀yin mẹ́ta pẹ̀lú àpótí mẹ́rin, ẹnì kan á máa dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí ń wọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tú u, àpótí tó bá sì le gbagidi tó ga jù ò ní wọ̀ ọ́.

Aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì (kí ọ̀kan máa gbẹ), ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ téèyàn máa jù sórí ẹ̀, síkáàfù tàbí síwẹ́tà kan torí ẹ́síì inú ọkọ̀ máa ń tutù bíi yìnyín, ìyẹn ya mí lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́, ìta gbóná, inú ń gbọ̀n. Bàtà mẹ́ta: èyí téèyàn lè fi rìn jìnnà, èyí tó lè wọnú omi, èyí tó dáa fún alẹ́. Tówẹ́ẹ̀lì, ẹ ò gbọ́dọ̀ mú un, wọ́n máa fún yín, títí dórí èyí tẹ́ ẹ máa mú lọ sétí òkun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí àfìgbà tí mo débẹ̀ ni pé irin ni ògiri yàrá. Ẹ ra ìkọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́fà, irú àwọn kékeré tó lágbára yẹn. Ọkọ mi bú mi nígbà tó rí i nínú ẹrù, ó ní ṣé iṣẹ́ wẹ́dà la fẹ́ lọ ṣe. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì fìlà ẹ̀ wà lórí ọ̀kan, báàgì ẹ̀ lórí ọ̀kan, ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń ro tótó lórí ìkẹta, tèmi ò rí ibi kọ́ mọ́.

Ẹ tún mú iná kékeré oníbátìrì. Tẹ́ ẹ bá pa iná yàrá yẹn, òkùnkùn biribiri ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago méjì òru ò yàtọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń ní ṣánẹ́ẹ̀lì lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣàfihàn iwájú ọkọ̀, a máa ń tàn án sílẹ̀ láìsí ohùn, tílẹ̀ bá ti mọ́ la máa rí i lójú tẹlifíṣọ̀n.

Nọ́ọ̀sì_alẹ́:
Ẹ kú ìmúra mà. Ọ̀rọ̀ èébì yẹn ni mo wá fún. Mi ò lè ní kẹ́ ẹ lo báyìí láìrí yín, ẹ bi dókítà tàbí ẹni tó ń ta oògùn, pàápàá nítorí màmá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n.

Oògùn oníhóró wà, meclizine tàbí dimenhydrinate lorúkọ tẹ́ ẹ máa rí lára páálí ẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á dúró dìgbà tí inú bá ti ń rú kí wọ́n tó lò ó, ó ti pẹ́ nígbà yẹn, ṣe lẹ máa bì í dànù. Kí ọkọ̀ tó gbéra lèèyàn ń lò ó. Ó máa ń kunni lóorun o, pàápàá dimenhydrinate. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí náà wà, scopolamine, èèyàn á lẹ̀ ẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin ṣáájú, ó lè ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ mẹ́ta, ẹnu á máa gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ fọ ọwọ́ kíákíá, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ yẹn nu ojú ẹ ò ní ríran dáadáa fúngbà díẹ̀. Ẹni tó ní glaucoma (àìsàn ojú kan tó ń ba ìríran jẹ́) ò gbọ́dọ̀ lò ó láìbi dókítà, ó sì lè da orí àwọn àgbàlagbà rú, nítorí náà ẹ má kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ màmá létí nítorí pé ó bá yín lára mu.

Tí yàrá bá ṣeé pààrọ̀, ìsàlẹ̀ láàárín gbùngbùn ọkọ̀ ni kò ti mì jù. Tí òòyì bá dé, ẹ jáde síta, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run àti omi ti pàdé, ẹ má tẹ fóònù.

Oògùn màmá, ẹ mú ti ọjọ́ mélòó kan lé sí i, kó wà nínú páálí tàbí ike tí orúkọ wọn wà lára ẹ̀. Ẹ mú ọṣẹ, ọṣẹ gidi, torí kòkòrò norovirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lórí ọkọ̀, sánítáísà ò rí i gbé ṣe tó ọṣẹ àti omi. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì náà. Dókítà wà nínú ọkọ̀ àmọ́ owó ni wọ́n ń gbà, tó bá wá di pé wọ́n ní láti fi hẹlikọ́pútà gbé aláìsàn kúrò lórí omi, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ ò ní fẹ́ fi owó ara yín san án.

Bàbá_Arìnnàkò:
Ìyàwó wa, ẹ má ra láífù jákẹ́ẹ̀tì kankan. Ó wà nínú ọkọ̀, ó ju iye èèyàn lọ pàápàá. Wọ́n á kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn o. Nígbà tí ọkọ̀ Costa Concordia gbá àpáta nítòsí erékùṣù Giglio ní Ítálì lọ́dún 2012, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn ò tíì rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan gbà, èèyàn 32 ló kú. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé kó wáyé kí ọkọ̀ tó kúrò tàbí gbàrà tó bá gbéra.

Èyí tí mo tiẹ̀ fẹ́ sọ ni alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ so táàgì mọ́ àpótí, kẹ́ ẹ gbé e síta ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á kó o lóru, èbúté lẹ ti máa bá a láàárọ̀. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ wa di gbogbo ẹ̀, a gbé e síta, a sùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ mo dìde, ṣòkòtò dà? Ó ní òun ti dì í. Bàtà ńkọ́? Òun ti dì í. Aṣọ oorun búlúù tó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ lára, tí ọmọbìnrin mi rà fún mi, ni mo wọ̀ kọjá níwájú ìmígíréṣọ̀n, pẹ̀lú sílípáàsì funfun tó wà nínú yàrá. Ọ̀gá tó gba páásípọ́ọ̀tù mi wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, kò bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan.

Ẹ mú aago ọwọ́ náà. Fóònù máa ń yí àkókò padà fúnra ẹ̀ ní erékùṣù, aago ọkọ̀ lẹ máa tẹ̀ lé, tẹ́ ẹ bá dá rìn tẹ́ ẹ sì pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Ẹ fi fóònù sí airplane mode látìgbà tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní èbúté, nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkun yẹn ń jẹ owó bí ikán.

Àbẹ̀kẹ́_ẹlẹ́rù:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi wá wò mí. Ìbéèrè méjì ló kù: aṣọ alẹ́ àwọn ọlọ́lá yẹn (alẹ́ tí wọ́n ní kéèyàn múra dáadáa wá jẹun) ńkọ́, ṣé ọkọ mi gbọ́dọ̀ gbé kóòtù? Ó fẹ́ wọ ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ sójà kan ṣáá láti ọ̀sán dalẹ́.

Olókun_gbè_mí:
Haa ẹ yọ ṣòkòtò yẹn! Barbados, Jamaica, Saint Lucia, òfin wọn ò gba kí ará ìlú wọ aláwọ̀ sójà, ọmọdé gan-an ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á kàn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòtù, mi ò gbé e rí, ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ́rùn àti ṣòkòtò gígùn ti tó.

Aṣọ_mẹ́ta_tó:
Èmi ò fara mọ́ ìyẹn o. Ọkọ̀ sí ọkọ̀ ni. Ọjọ́ méje sábà máa ń ní alẹ́ méjì bẹ́ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan mú un le, àwọn kan ò ka á sí. Kó gbé kóòtù kan, kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa wọkọ̀ kó má bàa gba àyè. Aṣọ màmá tó bá rún, ẹ so ó kọ́ sílé ìwẹ̀ nígbà tí omi gbígbóná bá ń já, ó máa nà díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ san owó kí wọ́n bá yín lọ̀ ọ́.

Bàbá_Arìnnàkò:
Kẹ́ ẹ tó di ohunkóhun mọ́, ẹ yẹ físà yín wò. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ bá ti gbé yín dé orílẹ̀-èdè míì, ẹ ò lè fi wọlé padà o. Olówó púpọ̀ ló ti há síbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_ẹlẹ́rù:
Físà wa gba ìgbà púpọ̀, a dúpẹ́. Àpótí ti di méjì, ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ti padà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Màmá náà gbà lálẹ́ àná pé ó dáa, àwọn ò ní mú áyọ́ọ̀nù mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí wọn báyìí láti fi wọ̀n ọ́n ni, ó wúwo jù, mo tú u. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì mẹ́ta wé e.