Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí jẹjẹrẹ ọmú màmá mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo bèèrè pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún màmá mi n'Ìbàdàn, wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ tamoxifen (oògùn tí kì í jẹ́ kí họ́mónù ẹsitirójìn bọ́ jẹjẹrẹ), àmọ́ kò síbi tí wọ́n kọ ER, PR tàbí HER2 sí nínú èsì. ER àti PR ló ń sọ bóyá họ́mónù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, HER2 sì jẹ́ púrótéènì tó lè mú kó máa yára dàgbà. Dókítà tó dá mi lóhùn ní ká má dá oògùn kankan dúró, àwọn ò lè pàṣẹ oògùn láìrí màmá, àmọ́ kí n bá dókítà wa sọ ọ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yẹn lára ẹran tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀, kò sídìí láti tún gé òmíì.

Ìyẹn ló ṣiṣẹ́ jù! Ẹran náà ṣì wà ní láàbù, èsì sì ti dé: ER pọ́sítíìfù, HER2 nẹ́gátíìfù. Torí ER tó jẹ́ pọ́sítíìfù yẹn, tamoxifen bá màmá mu lóòótọ́, ọdún 5 ni wọ́n ní kí wọ́n fi lò ó, a ò sì ní wá owó gọbọi kiri fún trastuzumab, oògùn jẹjẹrẹ míì, torí HER2 nìyẹn ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá wà nírú ipò yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bèèrè àyẹ̀wò yìí.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́nì kan dábàá fún ooru tó ń mú màmá lóru ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, kò tíì lọ tán. Ó wá ku apá màmá tó wú, wọ́n ti kọ̀wé fún wa lọ sọ́dọ̀ físíò (àwọn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara), a ṣì ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa dá. Dókítà, ẹ ṣeun gan-an.