Síǹkì tó wà létí inkubétọ̀ ọmọ àbúrò mi

Ìyá Tòlú: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oyún oṣù méje ni àbúrò mi obìnrin bí. Ọmọ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú inkubétọ̀. Ara rẹ̀ dédé ń gbóná, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lábù ní kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Pseudomonas ni, pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń gún un látẹ̀yìn wá kò ràn án. Ọjọ́ Àìkú ni mo ráyè wọlé wò ó. Síǹkì kan wà níbẹ̀, bí mo bá dúró tì í tí mo na apá, ọwọ́ mi á kan inkubétọ̀. Omi ò tètè fà nínú rẹ̀, tápù sì ń kán tó-tó-tó. Ojú mi báyìí ni ẹnìkan ṣe da wàrà ọmú tó ṣẹ́kù sí i, ó ṣan ife kékeré tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóúnjẹ, ó gbé e kalẹ̀ létí rẹ̀. Ṣé omi lè fa irú nǹkan yìí? Ta ni kí n bá sọ ọ́? Àbúrò mi ní kí n panu mọ́, kí wọ́n má baà kórìíra ọmọ òun.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kí wọ́n máa se omi kó hó. Ó tán.

Bùkọ́lá Nọ́ọ̀sì: Kò tán o, bọ̀dá. Láàárín oṣù Kejìlá 2011 sí oṣù Kìíní 2012, kòkòrò yìí kan náà wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ jòjòló ní Derry àti Belfast, ní Northern Ireland. Ọmọ mẹ́rin ló kú. Nígbà tí wọ́n tú àwọn tápù wò, ẹnu tápù níbi tí omi ti ń jáde gan-an ni kòkòrò fi ṣe ilé. Ó máa ń bo ara rẹ̀ ní yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ bí omi ilá, oògùn ìfọ̀nǹkan kì í tètè wọ ibẹ̀.

Oní-Lábù: Ihò síǹkì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju tápù lọ. Ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi kòkòrò kan tí ara rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé sínú páìpù ìsàlẹ̀ síǹkì. Nígbà tí wọ́n ń da ohun tó lè jẹ sí i, ó ń gun òkè ní nǹkan bí ínṣì kan lóòjọ́ títí ó fi dé ẹnu ihò. Bí omi bá wá já lé e, ó ta sáyìká. Wàrà tí ẹ rí yẹn, oúnjẹ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá tún ń da ìyókù abẹ́rẹ́ síbẹ̀, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ní Toronto, láàárín 2004 sí 2006, aláìsàn 36 ló kó Pseudomonas látara irú síǹkì bẹ́ẹ̀. Wọ́n da aró sí i, ó ta dé mítà kan ó kéré tán. Àmọ́ o, ẹ má tíì sọ pé síǹkì tiyín ló ṣe é. Àfi bí lábù bá gbé tinú ihò àti tọmọ yẹn wé ara wọn.

Àlàó Plọ́ńbà: Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ògiri náà. Àwa náà la máa ń gé páìpù tí a ò ní lò mọ́, tí a ó dí i lẹ́nu, omi á dúró síbẹ̀ lọ́dún gbọọrọ, á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò á sì máa pọ̀ nínú rẹ̀.

Màmá Mátírọ́ọ̀nù: Ìyá Tòlú, mo ti fẹ̀yìn tì, mo mọ bó ṣe ń rí. Má bá nọ́ọ̀sì kékeré sọ ọ́ níṣojú èèyàn. Lọ bá mátírọ́ọ̀nù ní ọ́fíìsì, kúnlẹ̀ kí i, kí o ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa sún ọmọ yìí kúrò létí síǹkì.” Ìyẹn ni kóo kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà, bi í ta ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ àkóràn níbẹ̀. Ọwọ́ fífọ̀ nìkan ni síǹkì yẹn wà fún. Bí wọ́n bá sì fọwọ́ tán, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n fi sánítáísà pa á kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sá fún ọwọ́ fífọ̀ o!

Ìyá Tòlú: Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ láàárọ̀ yìí. Mátírọ́ọ̀nù ò bínú, wọ́n ti sún un sọ́nà fèrèsé, dókítà sì ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Wọ́n ní àwọn máa pe plọ́ńbà. Ife yẹn ṣì wà létí síǹkì nígbà tí mò ń jáde. Èmi fúnra mi ni mo gbé e kúrò.