Èsì: “Ìwò-ààyè” fún Live View? Èwo ló kú nínú wọn?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà kọ̀wé pé kí a máa pe Live View ara kámẹ́rà ní “ìwò-ààyè”. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ya fọ́tò, ohun tí wọ́n ń wí ni àwòrán tó ń hàn lójú síkírínì ẹ̀yìn kámẹ́rà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Wọ́n ní live ni ààyè, view ni ìwò, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ò parí o.

Ààyè yẹn ni mo bá wí. Nínú Yorùbá tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Ìlọrin, ohun tó lè kú là ń pè ní ààyè: ẹja ààyè, adìẹ ààyè. Ẹ lọ sọ fún ìyá aládìẹ ní Ọjà Ọba pé ìwò-ààyè lẹ wá rà, á ṣí àgò fún yín kí ẹ mú èyí tó sanra. Bí wọ́n bá ń fi bọ́ọ̀lù hàn live lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣé a máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù wà láàyè ni? “Wọ́n ń gbá a lọ́wọ́ báyìí” là ń wí, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ yé.

Ká tilẹ̀ gbà pé ààyè ni. Ẹ wo inú kámẹ́rà onídígí, èyí tí wọ́n ń pè ní DSLR. Ìmọ́lẹ̀ á gba ẹnu lẹ́ńsì wọlé, á kọlu dígí tó dàgẹ̀rẹ̀ nínú ikùn kámẹ́rà, dígí á darí rẹ̀ sókè, á sì gba ihò tí a ń fojú kan wò jáde. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lára nǹkan náà gan-an ló ń wọ ojú yín níbẹ̀, iná mànàmáná ò dá sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tan Live View, dígí yẹn á gbéra sókè, ihò á ṣókùnkùn biribiri, ìmọ́lẹ̀ á wá kọjá lọ bá sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ á sọ ọ́ di iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà á tún un yà sójú síkírínì, á máa yà á lọ́tun-lọ́tun, kíákíá débi pé ojú ò ní mọ̀. Nínú méjèèjì, èwo ló yẹ kó jẹ́ ààyè? Ihò ni! Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n gbé fún síkírínì, ihò tí síkírínì gba ipò rẹ̀ ló ni ín.

Àbúrò wa tó wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo wá dá “àwòtẹ́lẹ̀” lábàá, ẹ sì fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní bí ènìyàn bá kọ ọ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i, àwọ̀tẹ́lẹ̀ làwọn èèyàn máa kà, pé kámẹ́rà ti wọ ṣòkòtò penpe. Ẹ̀rín pa èmi náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni a ti ń torí ọ̀lẹ tí kì í fàmì sọ́rọ̀ pa ọ̀rọ̀ tó dáa? Àwa tí à ń ki ìlú wa pé ẹṣin leégún ilé, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ta ló ti ka ọ̀kọ̀ yẹn sí mọ́tò rí?

“Tẹ́lẹ̀” tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èmi máa ń ya aṣọ òfì fún àwọn ahunṣọ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí gílóòbù pupa ń tàn, bí mo bá yọjú wo sányán nínú ihò, sányán náà ni mo ń rí, torí ojú ènìyàn máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà kì í fìgbà gbogbo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè yà á kó dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú epo. Lójú síkírínì, mo ti rí epo yẹn kí n tó yà á. N ó máa yí ètò àwọ̀ funfun (white balance), tó ń sọ ohun tó jẹ́ funfun fún kámẹ́rà, títí sányán á fi padà di sányán, tí ẹni tó ń rà á láti Èkó kò ní sọ pé wọ́n fún òun ní ayédèrú. Bí mo bá fẹ́ kí òwú hàn fínnífínní, n ó gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, n ó tẹ bọ́tìnì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Kámẹ́rà Canon á sọ ọ́ di ìlọ́po 5, á tún sọ ọ́ di ìlọ́po 10. N ó wá máa fọwọ́ yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ títí irun ara òwú á fi yọ. Òkìtì kékeré kan tún wà tí a lè mú kó hàn nígun síkírínì (histogram), tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, á rọ́ sápá ọ̀tún. Gbogbo èyí, a ò tíì ya nǹkan kan o! Àsọtẹ́lẹ̀, ohun tí kò tíì ṣẹ là ń sọ. Àwòtẹ́lẹ̀, fọ́tò tí a ò tíì yà là ń wò. Kí ló tún kù?

Mi ò sọ pé kò ní àléébù. Lọ́jọ́ ọdún tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀ wá kí Ẹ́míà, tí èrò dí mi lójú, síkírínì tó ṣeé yí ló ń gbà mí: n ó gbé kámẹ́rà ga ju gbogbo fìlà lọ, n ó sì máa wò ó láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ti ki eré mọ́lẹ̀, mo ti padà sínú ihò, torí Live View inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà onídígí àtijọ́ á ṣì máa wá ibi tó máa dojú lẹ́ńsì kọ nígbà tí ẹṣin ti kọjá. Òòrùn ọ̀sán náà ń bo síkírínì mọ́lẹ̀. Ti bátìrì kọ́ ni ká máa sọ: Canon fúnra wọn ní bátìrì kámẹ́rà onídígí wọn tó ń jẹ́ 80D lè ya fọ́tò bí 960 pẹ̀lú ihò, bí 300 péré pẹ̀lú Live View.

Bàbá wa ọmọ Òmù-Àrán ní kí gbogbo wa dákẹ́, pé àwọn bàbá oní-fọ́tò ayé àtijọ́ tó ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú ti ní orúkọ fún un: dígí. Bàbá, òótọ́ ni pé dígí tí kò mọ́ gaara wà lẹ́yìn kámẹ́rà wọn, tí wọ́n ń rí oníbàárà níbẹ̀, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, kí wọ́n tó ki fíìmù bọ̀ ọ́. Èmi lẹ gbè, ẹ ò mọ̀ ni. Wọ́n ti ń wò tẹ́lẹ̀ kí Casio tó gbé síkírínì sẹ́yìn kámẹ́rà QV-10 ní 1995, kí Olympus tó fi Live View sínú E-330 onídígí ní 2006. Láti ìgbà tí Panasonic sì ti yọ dígí kúrò nínú kámẹ́rà G1 ní 2008, inú ihò irú kámẹ́rà aláìnídígí bẹ́ẹ̀ gan-an, síkírínì kékeré ló wà níbẹ̀. Ààyè ẹ̀gbọ́n ò ríbi jókòó mọ́. Àmọ́ bí a bá pe síkírínì ní dígí, báwo la ó ṣe sọ fún ọmọṣẹ́ pé dígí gbọ́dọ̀ gbéra kí dígí tó tàn? Ní ti pé “jígí” ló tọ̀nà, mi ò ní í bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé dígí kì í ṣe Yorùbá. Ìyá tó bí mi kò sọ jígí rí.

Ọ̀gá wa olùkọ́ èdè nìkan ló bi mí ní ìbéèrè tó ká mi lára: fídíò ńkọ́? Nígbà tí fídíò bá ti ń lọ, kò sí tẹ́lẹ̀ mọ́, ohun tí à ń wò náà là ń yà. Bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà onídígí ò lè ya fídíò láìgbé dígí sókè. Bóyá orúkọ méjì ló yẹ ká wá, bóyá kò yẹ. Ọkàn mi ò tíì kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ẹ kọ “àwòran” jálẹ̀ nínú ìwé yín, ohùn àárín lórí “ran”. Ìran là ń wò tí a fi ń jẹ́ òǹwòran. Àwòrán, òkè ni “rán” rẹ̀. Ẹ tún un kọ ránṣẹ́ ná, ká tó padà sórí fídíò.